Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ṣètò Eré Ọkọ̀, Ẹ Má Bá Wọn Du Ife

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ fẹ́ dá eré ìje ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lórí ọ̀sà wa níbí, ní Àgbádárìgì, mo ti gbọ́ àlàyé yín. Ọkọ̀ méjì méjì ni yóò máa sá a lójú ìlà tààrà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló yege, ẹni tó bá já yóò fà sẹ́yìn. Ẹ ó máa ṣe é láti oṣù dé oṣù, ẹ ó máa ka máàkì, ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù ní ìparí ọdún ni yóò gba ife àti owó. Ohun tó dára ni, inú mi sì dùn sí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé ó yẹ kí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sétí omi ní ohun kan tí wọ́n lè fi ọgbọ́n omi wọn ṣe yàtọ̀ sí ẹja pípa àti èrò gbígbé.

Ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ bi mí, ẹ sì ní kí n má wojú yín sọ ọ́: ṣé ẹ̀yin tí ẹ ṣètò eré lè wọ inú ọkọ̀ kí ẹ bá àwọn yòókù díje? Èmi ní kí ẹ má ṣe é. Bí owó ìforúkọsílẹ̀ ẹlòmíì bá ti wọ inú àpò ìdíje, tí máàkì wà, tí ife sì wà, kí ẹni tó ṣètò má bá wọn du ife yẹn. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún yín yékéyéké, torí pé ọmọ tí wọ́n bá kàn sọ fún pé “má ṣe”, láìsọ ìdí, ẹ̀yìnkùlé ni yóò gbà lọ ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ojú omi. Ẹ dúró ní Marina, nítòsí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ajíhìnrere kọ́ parí ní 1845, kí ẹ kọjú sí erékùṣù Gberefu. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé omi tó wà níwájú yín yẹn kò rí bákan náà lọ́tùn-ún lósì. Apá kan wà tí koríko omi máa ń kó jọ sí, koríko olódòdó àlùkò yẹn tó gba ọ̀nà Pọ́tónóvò wọ ọ̀sà wa ní 1984, tí kò sì tíì fi wá sílẹ̀ títí dòní. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá wé mọ́ abẹ tó ń yí nínú omi lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì Yamaha alágbára ẹṣin 40 tó ń ké ramúramù tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, awakọ̀ á pa á, á gbé e sókè, á máa fi ọwọ́ já koríko kúrò. Nígbà yẹn, ọkọ̀ kejì ti dé òpin. Apá tó mọ́ náà ní wàhálà tirẹ̀, torí tó bá di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ òkun á máa ti omi kọ lu imú ọkọ̀.

Ta ni yóò wá sọ pé ọkọ̀ yìí ni kó gba apá tó mọ́, kí tọ̀hún gba apá koríko? Olùṣètò ni. Òun ni yóò tún sọ bóyá aago mẹ́sàn-án àárọ̀ leré máa bẹ̀rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó dé, àbí aago méjì ọ̀sán. Òun ni yóò so àwọn olùdíje pọ̀ ní méjì méjì, tó sì lè jẹ́ pé àwọn akọni méjì ló máa kọ́kọ́ pàdé ara wọn kí ọ̀kan tètè já, nígbà tí ẹlòmíì á máa pàdé àwọn tí kò lágbára títí tí yóò fi dé àṣekágbá. Òun ni yóò ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì wò bóyá wọ́n ti fọwọ́ kan nǹkan nínú rẹ̀. Òun ni yóò sọ irú epo tó gbọdọ̀ wà nínú táńkì àti bí ọkọ̀ ṣe gbọdọ̀ gùn tó. Ọwọ́ rẹ̀ ni àsíá wà, ojú rẹ̀ ló sì ń wo imú ọkọ̀ méjì tó dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tí gbogbo agbára yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní láti jẹ́ ọ̀bàyéjẹ́ kó tó ṣègbè. Ó lè má tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é. Bó bá ń kọ òfin lóru, ọkàn rẹ̀ á máa lọ sí ọkọ̀ tirẹ̀ tó so mọ́lẹ̀ létí omi. Bí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ bá jẹ́ 40, á rí ìdí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó fi yẹ kí òfin dúró lórí 40. Bí ọmọ kan láti Àjàrá bá gbé 60 dé, á sọ pé ó léwu. Ó sì lè jẹ́ òótọ́ pé ó léwu! Ibi tó ti ń dunni gan-an nìyẹn: òtítọ́ tó sọ kò ní wọ ẹnikẹ́ni létí, torí pé ó ní ọkọ̀ nínú eré.

Ilé tí wọ́n ti bí yín, ẹ mọ bí a ṣe ń pín ẹran. Ọmọdé ló ń gé e, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Ọmọ tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ mọ̀ pé èyí tó bá kù nílẹ̀ ni tòun, nítorí náà ojú rẹ̀ á là, ọwọ́ rẹ̀ á sì tọ́. Àwọn baba wa kò pe ọmọ náà lólè nígbà tí wọ́n fi àṣà yìí lélẹ̀. Wọ́n kàn mọ̀ pé ọwọ́ tó di ọ̀bẹ kò yẹ kó tún kọ́kọ́ wọ inú àwo. Ẹ̀yin náà ti di ọ̀bẹ mú. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó kù mú.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tó sọ irú eré onílà tààrà yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, orí mọ́tò ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún mọ́tò àlòkù ṣe ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, títì ìgboro ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti ń sá a títí tí ẹnìkan tó ń jẹ́ Wally Parks fi kó wọn jọ, tó sì dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀ ní 1951. Mítà 402 ni wọ́n ń sá, mọ́tò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Láyé ìgbà yẹn, èèyàn kan ló máa ń dúró láàárín mọ́tò méjèèjì, tí yóò ju àsíá kí wọ́n tó gbéra. Àwọn awakọ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo èjìká ọkùnrin yẹn, kí wọ́n lè fò kí àsíá tó gbé. Ẹni tó bá já á sì máa fẹ̀sùn kàn án pé ẹ̀gbẹ́ kejì ló kọjú sí. Ní 1963, wọ́n gbé òpó oníná síbẹ̀ dípò rẹ̀, iná a tàn láti òkè wá sísàlẹ̀, aláwọ̀ ewéko á sì sọ pé ó yá. Ẹ rántí pé alásíá yẹn kò ní mọ́tò nínú eré o. Kò du ife pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ọwọ́ èèyàn lásán mú iyèméjì wá, débi pé wọ́n fi iná rọ́pò rẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi bí yóò ṣe rí bí ẹni tó ju àsíá lówùúrọ̀ bá wọ ọkọ̀ lọ́sàn-án.

Ìtàn tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù ni ti Daytona, ní ìpínlẹ̀ Florida, torí pé lórí yanrìn létí òkun ni wọ́n ti sá tiwọn, irú ibi tí ẹ̀yin ń lọ gbafẹ́ sí ní Suntan lọ́jọ́ ọdún. Mẹkáníìkì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Bill France, ó mọ mọ́tò wà dáadáa. Nígbà tí ìlú Daytona ṣe eré ìje mọ́tò lórí yanrìn yẹn ní 1936, ó bá wọn díje, ó sì gba ipò karùn-ún. Ìlú pàdánù owó, àwọn tó tún gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún kejì náà pàdánù. Ní 1938, France fúnra rẹ̀ kó ètò náà lé orí, ó sì tún wọ mọ́tò bá wọn du ife. Nínú eré oṣù Keje ọdún náà, Danny Murphy ló borí rẹ̀.

Mi ò ní dá France lẹ́bi lórí ti 1938. Bí òun kò bá ṣe é, kò sẹ́ni tí ìbá ṣe é, bí òun kò bá sì sáré, awakọ̀ gidi kan ti dín nínú àwọn díẹ̀ tó wà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni ohun tó ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dàgbà. Ní oṣù Kejìlá 1947, ó pe àwọn tọ́rọ̀ kàn jọ sí òtẹ́ẹ̀lì Streamline ní Daytona, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ eré ìje mọ́tò NASCAR ti jáde, tí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1948. France di olórí rẹ̀. Iṣẹ́ olórí ló gbájú mọ́, ó fi ife ìdíje tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíì láti du.

Kò pẹ́ tí ìyẹn fi gbè é. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹfà, ọdún 1949, wọ́n sá eré àkọ́kọ́ fún mọ́tò ilé, irú èyí tí èèyàn ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, ní ìlú Charlotte. Òfin ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe àtúnṣe kankan sí mọ́tò. Glenn Dunaway ló kọ́kọ́ dé. Àwọn olùṣàyẹ̀wò wo abẹ́ mọ́tò rẹ̀, wọ́n sì rí i pé wọ́n ti ṣe nǹkan sí sípíríìngì ẹ̀yìn, bí àwọn tó ń fi mọ́tò kó ọtí àìgbàṣẹ lóru ṣe máa ń ṣe é. (Àwa tí àwọn òyìnbó amúnisìn lé kiri nítorí ògógóró mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.) Wọ́n gba ipò kìíní lọ́wọ́ Dunaway, wọ́n gbé ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là fún Jim Roper, ará Kansas tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ni mọ́tò náà, Hubert Westmoreland, gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ó ní kí wọ́n san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là fún òun. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù, òfin ẹgbẹ́ sì fìdí múlẹ̀.

Ká ní Bill France ló ṣe ipò kejì lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Sípíríìngì kan náà, òfin kan náà, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Àmọ́ owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Dunaway ìbá wọ àpò ẹni tó yan àwọn olùṣàyẹ̀wò. Kò sí ẹni tó máa gbà á gbọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Agbára láti sọ fún èèyàn pé “o rú òfin, kúrò níbẹ̀” ni gbogbo ìdíje dúró lé, ẹni tó bá ń bá onítọ̀hún du ife kò sì ní agbára yẹn mọ́.

Ẹnìkan nínú yín sọ pé òun kò ní wakọ̀, pé òun kàn fẹ́ ní ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n òun yóò wà. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bernie Ecclestone tó darí eré Formula One fún ọ̀pọ̀ ọdún ra ẹgbẹ́ Brabham ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó sì tún di olórí àjọ tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mọ́tò kó ara wọn jọ sí. Ní 1978, Gordon Murray tó ń ya mọ́tò fún un dọ́gbọ́n kan: ó gbé fáànù ńlá sí ìdí mọ́tò, tó ń fa afẹ́fẹ́ lábẹ́ rẹ̀, tí mọ́tò fi lẹ̀ mọ́ títì. Niki Lauda wà á ní Sweden ní oṣù Kẹfà, ó sì borí wọn pátápátá. Ariwo sọ. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ yòókù, àwọn kan náà tí Ecclestone ń ṣojú fún, fárí gá. Ìṣẹ́gun ọjọ́ náà dúró, ṣùgbọ́n Ecclestone fa mọ́tò náà kúrò kí ilé tí òun ń kọ́ má bàa wó, mọ́tò yẹn kò sì tún sá eré ìje kankan mọ́ nínú ìdíje Formula One. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó pàdánù: Murray tó ronú kan mọ́tò náà àti Lauda tó wà á. Ọ̀gá wọn kò lè jà fún wọn bí ọ̀gá mìíràn ìbá ti jà, nítorí ó wà ní ìhà méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó máa wa ọkọ̀ rẹ, irú ìyà yẹn lo fẹ́ fi jẹ ẹ́. Bó bá yege, wọ́n á ní o fún un ni. Bí ẹjọ́ bá dé, o ò ní lè gbè é.

Nítòsí wa níbí, ní Ghana, Kwesi Nyantakyi jẹ́ ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù láti 2005 títí di 2018. Òun náà ló ni Wa All Stars, ẹgbẹ́ láti ìlú Wa lápá òkè ọ̀hún. Ní 2016, Wa All Stars gba líìgì Ghana, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún wọn. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni ràn wọ́n lọ́wọ́, mi ò sì ní ìdí kankan láti sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn lè ti fi òógùn ojú wọn gbà á. Ní 2018, fídíò tí akọ̀ròyìn Anas Aremeyaw Anas fi tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ nínú bọ́ọ̀lù jáde, Nyantakyi fipò sílẹ̀, FIFA sì fòfin dè é ní ọdún náà kúrò nínú bọ́ọ̀lù títí ayé, kí ilé ẹjọ́ eré ìdárayá tó dín in kù sí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Nyantakyi kò kan ife 2016. Síbẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ lónìí pé ẹgbẹ́ ààrẹ ló gba ife, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni “ẹ̀n-ẹ́n”. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tó sá káàkiri pápá fún odindi ọdún ló gba “ẹ̀n-ẹ́n” yẹn bí ẹ̀bùn. Ó dùn mí fún wọn.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi dá mi lóhùn. Ẹ ó ní ẹ̀yin lẹ mọ ọkọ̀ wà jù, pé bí ẹ bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, eré kò ní dùn. Ẹ ó ní owó yín lẹ fi bẹ̀rẹ̀, pé ìfẹ́ ọkọ̀ ló sọ yín di olùṣètò, ẹ kì í ṣe akọ̀wé ọ́fíìsì. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí eré ìje kankan láyé tí kì í ṣe àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ọ̀rẹ́ márùn-ún lẹ kó ọkọ̀ jáde lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀, tí ohun tí ẹ ń du kò ju ẹja sísun lọ, ẹ sáré bó bá ṣe wù yín. Ìgbà tí ọmọkùnrin kan láti Ìwórò bá ta àwọ̀n rẹ̀ kó lè san owó ìforúkọsílẹ̀ fún yín, ọjọ́ yẹn ni nǹkan yí padà. Ó gbé owó rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ lé yín lọ́wọ́.

Ẹsẹ̀ tó bá ń yún yín, ẹ ní ibi tí ẹ lè gbé e sí. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ yín jáde kí ẹ fi dárà fún àwọn òǹwòran, láìsí aago, láìsí máàkì, kí ariwo sọ. Èyí tó sì wù mí jù lọ ni kí ẹ bá àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú sọ̀rọ̀ kí wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Kí olùṣètò Àgbádárìgì lọ máa díje ní Ẹ̀pẹ́, kí olùṣètò Ẹ̀pẹ́ wá máa díje lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ bá yege lọ́hùn-ún, ẹnikẹ́ni kò ní rí nǹkan sọ, àwa náà á sì lu bẹ̀ǹbẹ́ pàdé yín ní ọ̀nà.

Bí ẹnìkan bá ta kú pé lórí omi ilé lòun fẹ́ sá, kó fi ètò sílẹ̀ fún odindi ọdún náà kí wọ́n tó kọ òfin rẹ̀, kó má sì padà sí i láàárín ọdún nígbà tó bá já. Kó má mọ ibi tí owó wà, kó má yan olùṣàyẹ̀wò, kó má so ẹnikẹ́ni pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Kó kàn fún ẹlòmíì ní àsíá lọ́jọ́ eré nìkan kò tó. Ọjọ́ eré ni agbára olùṣètò kéré jù; oṣù méjì ṣáájú rẹ̀ ló ti ṣe gbogbo iṣẹ́ tán.

Ohun kan wà tí ẹ kò bi mí, tó sì wúwo ju ife lọ. Ọ̀sà yìí kì í ṣe tiyín nìkan. Ìyá ń gbé agbọ̀n kọjá láti Gberefu wá sọ́jà, ọkọ̀ èrò ń lọ, apẹja ń fa àwọ̀n. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó ní àṣẹ láti gbé àsíá pupa sókè kí gbogbo ẹ́ńjìnnì kú, kódà bó jẹ́ àṣekágbá. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀, tó ti fi mítà díẹ̀ ṣíwájú, kò ní rí ọkọ̀ àjẹ̀ tó ń sọdá, bó bá sì rí i, ọkàn rẹ̀ á sọ fún un pé yóò kúrò lọ́nà. Ní oṣù Kẹfà 2008, awakọ̀ Amẹ́ríkà kan, Scott Kalitta, kú nínú eré mítà 402 yẹn ní Englishtown. Kò pé oṣù kan tí NHRA fi gé ìlà fún àwọn mọ́tò tó yára jù kúrú sí ẹsẹ̀-bàtà ẹgbẹ̀rún kan, nǹkan bíi mítà 305. Àwọn tó ṣe ìpinnu yẹn kò ní láti ro bóyá mọ́tò tiwọn dára fún ìlà gígùn àbí ìlà kúkúrú. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ rí LASWA àti NIWA, àwọn àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ ọkọ̀ láìwọ life jacket, ìbáà jẹ́ ọmọ tó lè wẹ̀ dé Sẹ̀mẹ̀.

Ẹ wá èèyàn mẹ́ta tí kò ní ọkọ̀ nínú eré, tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò níbẹ̀: apẹja àgbà kan tó mọ ọ̀sà dáadáa tí yóò pín ìlà, mẹkáníìkì kan láti ìta ìlú tí yóò máa yẹ ẹ́ńjìnnì wò, àti ẹnìkan tó mọ̀wé tí yóò máa gbọ́ ẹ̀sùn. Gègé ni kí ẹ fi máa so olùdíje pọ̀, lójú gbogbo èèyàn, létí omi, kì í ṣe nínú yàrá. Kí ìwé owó wà níbi tí ẹnikẹ́ni tó sanwó ti lè wò ó. Bí ẹ bá ti kọ òfin yìí sílẹ̀, ẹ mú un wá kí n kà á, pẹ̀lú orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.